Tíṣà tí kò ní dígírì tó fẹ́ lọ kọ́ni lókè òkun: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi wá léraléra

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá ṣáá, pàápàá lẹ́yìn Ojúde Ọba tí àwọn ará òkè òkun bá ti wálé, tí wọ́n sì ti ṣèlérí fún gbogbo ẹbí. A kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú.

Ṣé èèyàn lè ṣe tíṣà lókè òkun lábẹ́ òfin láìní dígírì?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo, kì í sì í ṣe gbogbo irú iṣẹ́ tíṣà. Àwọn ibi tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn jù, Kòríà, Ṣáínà, Dubai, ibẹ̀ gan-an ló le jù fún ẹni tí kò ní dígírì. Ibi tí ọ̀nà wà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, kíkọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́, àti ti ẹni tó bá ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lọ.

Tí ẹnì kan bá ní kò sóhun tó le níbẹ̀, ẹ bi í pé orílẹ̀-èdè wo, físà wo, ta ló máa gbà yín síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnu wọn á wọhò.

Ẹ ń sọ "àṣẹ lábẹ́ òfin", àṣẹ wo gan-an?

Àṣẹ méjì ni, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ti ìmígíréṣọ̀n, ìyẹn físà tàbí pámíìtì tó sọ pé ẹ lè gbé ibẹ̀ kẹ́ ẹ sì gbowó iṣẹ́. Èkejì ni ti iṣẹ́ tíṣà fúnra rẹ̀, láísẹ́ǹsì tàbí ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tíṣà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì lórí ilẹ̀kùn kan ni, ọ̀kan ò lè ṣí i.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Lójú òfin físà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní H-1B, ọdún mẹ́ta tí èèyàn ti fi ṣiṣẹ́ lè dúró fún ọdún kan ní yunifásítì, nítorí náà ẹni tí kò ní dígírì lè rí ohun sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dé iwájú kíláàsì ní ilé ìwé ìjọba, láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ ń dúró dè é, dígírì sì ni ìyẹn máa béèrè. Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn.

Fún ìdí èyí, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wádìí ibi tí dígírì yẹn ti ń jáde wá, ṣé físà ló ń béèrè rẹ̀ ni àbí láísẹ́ǹsì, àbí ilé ìwé kàn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìwé ló kàn fẹ́ ẹ, ẹ lè bá wọn sọ ọ́. Tó bá jẹ́ òfin, ẹ wá ibòmíì.

Mo ní NCE. Ṣé wọn ò ní kà á sí dígírì?

Wọn ò ní kà á sí i. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ni NCE (Nigeria Certificate in Education), abẹ́ dígírì ló wà, ibikíbi tẹ́ ẹ bá sì fi ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n bá yín díwọ̀n rẹ̀, nǹkan bíi dípúlómà ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ẹ má wá torí ìyẹn fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ o. Òun ni ìwé tó kéré jù tí ìjọba Nàìjíríà gbà kéèyàn fi ṣe tíṣà, TP, ìyẹn lílọ kọ́ni ní ilé ìwé láti fi dánra wò, wà nínú rẹ̀, ìwé iṣẹ́ tíṣà ni látòkèdélẹ̀. Ẹni tó ní HND nínú àkáǹtì lè máa kọ́ ọmọ ní ilé ìwé aládàáni níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ò sọ ọ́ di tíṣà lójú àjọ òkè òkun.

Ẹni tó jẹ́ WAEC nìkan ló ní, kódà bó ti pẹ́ tó lẹ́nu nursery ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó lọ ṣe NCE ná. NTI (National Teachers' Institute) ti Kaduna ń ṣe é fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀.

TRCN ńkọ́? Ilé ìwé aládàáni tí mo wà ò béèrè rẹ̀ rí.

Àwọn lè má béèrè, àwọn ará òkè òkun á béèrè. TRCN ni àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1993 ló gbé e kalẹ̀, ó sì pín tíṣà sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, A fún ẹni tó ní PhD, B fún master's, C fún dígírì, D fún NCE. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní NCE, D ni tiyín, ìdánwò PQE sì wà kẹ́ ẹ tó gba láísẹ́ǹsì.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ TRCN ni lẹ́tà tí wọ́n máa ń kọ láti jẹ́rìí pé orúkọ yín wà nínú ìwé àwọn, pé kò sì sí ẹjọ́ lọ́rùn yín. Ọ̀pọ̀ àjọ tíṣà lókè òkun ló máa ń béèrè irú lẹ́tà yìí, England náà ń béèrè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ wọ́n ní owó ọdọọdún, ẹ tètè san án kí ọjọ́ tó le.

Wọ́n ní tí mo bá ti ṣe TEFL wákàtí 120, mo ti lè lọ. Òótọ́ ni?

Irọ́ ni, ìyẹn ti ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. TEFL jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dáa, ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe físà, kì í ṣe láísẹ́ǹsì, kò sì dípò dígírì níbi tí òfin bá ti dárúkọ dígírì. Níbi tó pọ̀, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ mọ́ dígírì ni, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ mú ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ná owó sí i lóòótọ́, CELTA ti Cambridge ni kẹ́ ẹ wò, tàbí CertTESOL ti Trinity. CELTA ò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ní dígírì kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ ṣáà ti pé ọdún 18, kí Gẹ̀ẹ́sì yín sì dán mọ́rán, wákàtí mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi níṣojú ẹni tó ń gbé yín yẹ̀ wò. Àwọn tó máa ń tẹ sátífíkéètì jáde lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn orílẹ̀-èdè wo ni kí n yọ kúrò nínú ètò mi?

Fún ẹni tí kò ní dígírì, Kòríà Gúúsù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Físà E-2 tí wọ́n fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, orílẹ̀-èdè méje péré ni wọ́n ń fún, Amẹ́ríkà, UK, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa, dígírì sì wà lórí rẹ̀. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀ rárá, kódà kẹ́ ẹ ní PhD.

Ṣáínà ń béèrè dígírì pẹ̀lú ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ tàbí TEFL, wọ́n sì ní ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ làwọn ń fẹ́ fún iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Vietnam náà, dígírì àti sátífíkéètì kíkọ́ni. Thailand, dígírì. Dubai, dígírì kẹ́ ẹ tó lè jẹ́ tíṣà, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ gbé ìwé yín lọ gba òǹtẹ̀ kiri. Ẹ lè máa rí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ni láwọn ibẹ̀ láìní dígírì, a ò jiyàn. Ohun tí ẹ bi wá ni èyí tó bá òfin mu.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré, kí ló dé tí wọ́n ń pè wá ní ẹni tí kì í ṣe elédè?

Ìwé ìrìnnà tẹ́ ẹ mú dání ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ẹnu yín. Ìjọba UK ní orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó kà sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ọ̀pọ̀ èèyàn, Jàmáíkà wà níbẹ̀, Nàìjíríà ò sí. Ó ń bí wa nínú bó ṣe ń bí yín nínú. Ẹ ṣáà máa retí pé wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, IELTS tàbí irú rẹ̀, ẹ má sì ṣe é tipẹ́tipẹ́ ṣáájú, torí tó bá ti ju ọdún méjì lọ, kò wúlò mọ́.

Nínú ECOWAS ibo ló dáa jù fún ẹni tó ní NCE?

Ibí ni a fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí dáadáa, torí òun lẹ kì í fẹ́ gbọ́. Nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ wá ni orílẹ̀-èdè tí àwọn tíṣà tiwọn náà kì í ṣe gbogbo wọn ló ní dígírì, torí níbẹ̀, ìwé yín á ní ẹgbẹ́ tí wọ́n lè gbé e sí. Ní Gáńbíà, Gambia College ń fún àwọn tíṣà wọn ní PTC (Primary Teachers' Certificate) fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti HTC (Higher Teachers' Certificate), kì í ṣe dígírì. Ní Sàró (Sierra Leone), HTC wà bákan náà, Teaching Service Commission ló ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ tó sì ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Ní Làìbéríà, C Certificate ni ọ̀pọ̀ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní. Ẹni tó bá gbé NCE pẹ̀lú TRCN dé irú ibi báyìí, wọ́n mọ ohun tó mú wá.

Gánà ti yàtọ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti sọ ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà wọn di dígírì ọdún mẹ́rin, ọdún yẹn náà ni National Teaching Council wọn bẹ̀rẹ̀ ìdánwò láísẹ́ǹsì. Ẹ lè ríṣẹ́ ní ilé ìwé aládàáni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ń há.

Kùtọnu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ sún mọ́lé, kódà Yorùbá lẹ máa fi ra ẹ̀kọ ní Pobẹ̀ àti Kétu. Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ilé ìwé wọn ṣá, nítorí náà àwọn ilé ìwé elédè méjì àti iṣẹ́ kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ má retí owó rẹpẹtẹ níbikíbi nínú wọn. Ẹ ṣírò owó ilé àti owó oúnjẹ wọn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá iye tó kù á ju ohun tẹ́ ẹ ń gbà ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ.

ECOWAS ni wá, kí ni mo tún ń wá pámíìtì fún?

Nítorí pé ọjọ́ 90 ni wọ́n fún yín láti wọlé láìsí físà, wọn ò ní kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ títí. Àdéhùn ọdún 1979 ló fún wa ní àǹfààní ìwọlé, ti 1986 ló wá fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ ká sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba káàdì olùgbé lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n wọn. Kẹ́ ẹ tún máa jáde lọ sí bọ́dà kẹ́ ẹ tún padà wọlé ní gbogbo ọjọ́ 90 kì í ṣe káàdì o, ọgbọ́n àwọn oníṣòwò nìyẹn, tíṣà tó ń fọwọ́ síwèé owó oṣù kò lè fi í bò mọ́lẹ̀.

Ẹ rántí pé Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní January 2025. Ìwé káàdì yẹ́lò náà, ìyẹn ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yellow fever, ẹ gba ojúlówó, ẹ má rà á ní Sẹ̀mẹ́.

UK ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún tíṣà Nàìjíríà.

Wọ́n ṣí i lóòótọ́, láti February 2023, fún QTS ní England, ìyẹn ìwé àṣẹ tíṣà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn. Dígírì tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn dọ́gba, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ìrírí ó kéré tán ọdún kan, lẹ́tà TRCN, fún àwa ọmọ Nàìjíríà sì rèé, ẹni tó ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè fún ọmọ ọdún 11 sí 16 nìkan ni. NCE nìkan ò wọ ibẹ̀.

Òótọ́ ni pé òfin England gba ilé ìwé aládàáni láyè láti gba tíṣà tí kò ní QTS. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni físà. Ilé ìwé náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì láti gba èèyàn láti òkè òkun, owó oṣù gbọ́dọ̀ tó iye tí òfin sọ, kí ni wọ́n á sì rí lára ẹni tí kò ní dígírì tí wọ́n á fi ṣe gbogbo wàhálà yẹn? Ní ti iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà, láti July 22, 2025 ni wọ́n ti gbé físà Skilled Worker sókè sí iṣẹ́ tó wà ní ipele dígírì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń ta á fún yín lónìí, ọjà tó ti bàjẹ́ ló ń tà.

Kánádà ńkọ́?

Fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdírì, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, dígírì ni wọ́n sì ń béèrè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ECE wà, ìyẹn kíkọ́ àti títọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé gan-an, dípúlómà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe NCE nínú Early Childhood, ẹ gbọ́ dáadáa. Ontario ní College of Early Childhood Educators, British Columbia àti Alberta náà ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé yín wò, Alberta tiẹ̀ pín in sí ipele mẹ́ta, kí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tó ti òkè lè bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ní ti físà, iṣẹ́ yìí wà nínú ọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ tí Kánádà fi kún Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀, ní February 2025. Ẹ ṣì máa díwọ̀n ìwé yín, ẹ máa ṣe ìdánwò èdè, ẹ sì nílò lẹ́tà iṣẹ́ tó ṣàlàyé ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ gan-an. Èyí tí àwọn pùrópáítọ̀ wa máa ń kọ, "ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ó bẹ̀rù Ọlọ́run", kò wúlò fún wọn níbẹ̀. Kó kọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ, iye wákàtí lọ́sẹ̀, owó oṣù, ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn.

Wẹ́dà ni mí, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Ṣé wọ́n lè pe èmi náà ní tíṣà?

Wọ́n lè pè yín bẹ́ẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Kíkọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ibi díẹ̀ tí ìrírí ti ń bá ìwé du ipò. Ní Ontario, láísẹ́ǹsì tíṣà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, irú bíi wẹ́dìn, kọ́lékọ́lé, mọ́tò, kò sọ ọ́ di dandan kẹ́ ẹ ní dígírì, ẹ̀rí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ kíkọ́ni ni wọ́n ń wá. Ní England, kò sí òfin láti 2013 tó sọ pé tíṣà kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé tíṣà kan pàtó, kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ló ń pinnu, físà ló kù.

Ìṣòro wa níbí ni pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́, ìwé ò sí. Ẹ lọ gba Trade Test, ìdánwò ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́, tẹ́ ẹ bá lè lọ sí Gateway Polytechnic ní Ṣàápàdé náà, ẹ lọ. Ẹ máa kó rìsíìtì, fọ́tò iṣẹ́, ìwé àdéhùn àwọn ọmọ iṣẹ́ pamọ́. Fírídọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ṣe pẹ̀lú ọtí àti jólọ́ọ̀fù, ẹ rí i pé ìwé kan jáde lára rẹ̀.

Amẹ́ríkà ńkọ́?

Físà J-1 fún tíṣà ń béèrè dígírì àti ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ètò FLTA ti Fulbright, èyí tó máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ Yorùbá ní yunifásítì wọn fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, dígírì ni òun náà ń béèrè. Ẹni tó bá ti ń lọ síbi dígírì, tó sì gbọ́ Yorùbá dénú, kó fi FLTA sọ́kàn. Ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá irú físà yẹn ṣí fún ọmọ Nàìjíríà lásìkò tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń yí padà nígbàkigbà.

Jámánì?

Ẹ lè di Erzieher, ìyẹn tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi tiwọn, láìlọ sí yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Èdè Jámánì ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Goethe-Institut wà ní Èkó. Tẹ́ ẹ ò bá ṣetán láti jókòó ti èdè náà dáadáa, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ìyàwó mi ti rí iṣẹ́ ní UK, mo fẹ́ bá a lọ. Ṣé mo lè kọ́ni?

Ọ̀nà tó rọrùn jù nìyí, àwọn èèyàn kì í sì í ka ara wọn kún un. Ẹni tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí ọkọ tàbí ìyàwó ẹni tó ní físà Skilled Worker tó gba ẹbí láyè, ó lè ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́, kò nílò kí ilé ìwé máa ṣe ìwé fún un. Kọ́kọ́rọ́ ìmígíréṣọ̀n ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Á wá iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò DBS fún un, bóyá ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ rí, NCE rẹ̀ á sì wúlò nígbà íńtáfíù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo físà ló ń gba ẹbí láyè mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ master's tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ẹbí wọlé láti January 2024. Ní Kánádà náà, wọ́n ti dín àwọn tí ọkọ tàbí ìyàwó wọn lè gba pámíìtì iṣẹ́ kù láti January 2025. Ẹ ka ti físà tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì yín gan-an, ẹ má fi ti ẹ̀gbọ́n yín tó lọ ní 2021 ṣe.

Orúkọ tó wà lórí WAEC mi yàtọ̀ sí ti NCE mi. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?

Ó burú ju àìní dígírì lọ nígbà mìíràn, torí ẹni tí kò ní dígírì mọ̀ pé òun ò ní. Ṣadé lórí WAEC, Fọláṣadé lórí NCE, Shade lórí NIN, orúkọ ọkọ lórí pásípọ́ọ̀tù, lójú wa ẹnì kan náà ni, lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Ottawa èèyàn mẹ́rin ni. Ẹ mú orúkọ kan, kí gbogbo ìwé tẹ́ ẹ lè tún ṣe bá a mu. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe, ẹ lọ búra sí i ní kóòtù, ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kẹ́ ẹ sì di ìwé ìgbéyàwó ti rẹ́jísítìrì mọ́ ọn. Ìwé ìbùkún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti nìkáì nìkan lè má tó.

Ohun kejì ni òǹtẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn Apostille, nítorí náà níbi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ fìdí ìwé múlẹ̀, Ministry of Education ìjọba àpapọ̀ ni, kẹ́ ẹ tó lọ sí Foreign Affairs ní Abuja, kẹ́ ẹ tó lọ sí ẹ́ńbásì. Ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́dọ̀ ọlọ́pàá náà wà, ẹ má tètè gbà á torí ó máa ń ní gbèdéke.

Èjẹ́ǹtì ní kí n san owó "sponsorship". Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní UK, ìjọba ti ka á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti di owó láísẹ́ǹsì rẹ̀ àti owó Certificate of Sponsorship ru ẹni tó gbà sí iṣẹ́ Skilled Worker. Orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì yẹn wà lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni láti wò. Ẹ wá orúkọ ilé ìwé náà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pè wọ́n lórí nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì ilé ìwé fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí èjẹ́ǹtì fún yín. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwíjàre kankan wọ̀ yín lọ́kàn, ìyẹn "wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́" tí wọ́n máa ń sọ.

Ẹnì kan lè bá mi gba dígírì ní Kùtọnu láàárín oṣù méjì. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má gbà á o. Ní December 2023, akọ̀ròyìn kan gbé e jáde bí òun ṣe gba dígírì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí January 2024 tó gbéra sọ, ìjọba àpapọ̀ ti dá gbígba dígírì Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Láti ìgbà yẹn, kódà ẹni tó lọ ilé ìwé gidi níbẹ̀ ń fi ojú winá ìbéèrè.

Lókè òkun, ẹ̀tàn nínú ìwé físà lè mú kí UK ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún 10, Kánádà ọdún márùn-ún, Amẹ́ríkà títí ayé. Ẹni tí kò ní dígírì lè lọ wá a. Ẹni tí wọ́n bá ká ayédèrú mọ́ lọ́wọ́, NCE rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́ náà, ta ló máa gbà á gbọ́ mọ́?

Ṣé kò ní yá kí n kàn parí dígírì náà?

Fún ọ̀pọ̀ nínú yín, bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní tan yín. NCE lè gbé yín wọ 200 level nípasẹ̀ Direct Entry ti JAMB, ọdún mẹ́ta ló kù. Tai Solarin ní Ìjagun wà níbẹ̀, òun sì ni yunifásítì ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, láti 2005. Ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó wo NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí owó tí èjẹ́ǹtì ń béèrè, pẹ̀lú ọdún tẹ́ ẹ máa fi dúró dè é.

Ibi tí a ò ti ní sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ẹni tó ń lọ sí ECE ní Kánádà, ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́, àti ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ ti gba físà. Kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n ní Cambodia ò béèrè dígírì.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí wọn kì í béèrè dígírì fún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú físà E, kì í ṣe ti arìnrìn-àjò, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba pámíìtì iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ministry of Labour wọn. Ilé ìwé tó bá ní kẹ́ ẹ wá ná, àwọn á ṣe pámíìtì tó bá yá, ẹ má lọ.

Ìkìlọ̀ kejì le ju ìyẹn lọ. Ní Cambodia, Myanmar àti Laos, àwọn kan ń fi ìpolówó iṣẹ́ tó dára fa àwọn èèyàn wọ ilé ńlá tí wọ́n ti ń fi tipátipá mú wọn ṣe jìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ san tíkẹ́ẹ̀tì yín láìtíì ṣe íńtáfíù gidi, tí wọn ò sì lè fi kíláàsì kan hàn yín lórí fídíò, ẹ bẹ́sẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London lórí Zoom láti Ìkẹ́nnẹ́ ńkọ́?

Ilé yín lẹ wà, ẹ ò nílò físà ẹnikẹ́ni. Àwọn òbí lókè òkun ń wá ẹni tó máa kọ́ ọmọ wọn ní Yorùbá tó lámì lórí, wọn kì í sì í béèrè dígírì, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọmọ lè kí ìyá àgbà. Ẹ ṣètò iná, dátà àti bí owó ṣe máa wọlé. Ìrírí rẹ̀ náà wúlò, ẹ máa gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn òbí.

Mo ti wà lọ́hùn-ún, mo ti ń kọ́ni láìsí pámíìtì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dá iṣẹ́ náà dúró ná, ẹ má sì ra pámíìtì lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹ wá lọ́yà tàbí olùdámọ̀ràn tí òfin mọ̀. Ní UK, lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority ni, àjọ tí wọ́n ń pè ní OISC títí di January 2025. Pásítọ̀ àti alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè gbàdúrà fún yín, wọn ò láṣẹ láti kọ ìwé ìmígíréṣọ̀n.

Tó bá jẹ́ pé físà tiẹ̀ ti tán, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò àti ẹni tí wọ́n lé. Ní UK, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó sì lọ lè ní ìdíwọ́ oṣù 12 lórí físà tuntun, ẹni tí wọ́n dá padà lè ní ọdún 10. Nínú ECOWAS, ẹ gbé lẹ́tà ilé ìwé yín lọ bá ìmígíréṣọ̀n wọn kí àwọn tó wá yín wá, ẹ san ìtanràn tí wọ́n bá bù fún yín, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì gba fọ́ọ̀mù káàdì olùgbé lọ́jọ́ náà.